Ọjà Ọrún àti Òkè Ọ̀rà: Èdè Àlejò Tó Dé Ifẹ̀

Bí àlejò bá wọ Ilé-Ifẹ̀ tó sì dé sí àdúgbò Ilare, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ orúkọ ọjà àti òkè lẹ́nu àwọn onílé. Ọ̀nà kò jìn sí Ẹnuwá, níbi tí ààfin Ọọ̀ni wà, tí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọjà sì wà nítòsí. Bó bá gbójú sókè, yóò rí àwọn òkè tó yí ìlú ká. Àwọn àgbà a máa ní méje ni wọ́n. Ìlú ọlọ́jà ni Ifẹ̀, ó sì tún jẹ́ ìlú olókè. Nínú ìtàn Ifá pàápàá, bí babaláwo bá dárúkọ ọjà kan nífẹ̀, ọjà Èjìgbòmẹ̀kùn ni ẹnu rẹ̀ sábà máa ń lọ sí. Èdè tí a fi ń rìn nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lẹ́nu.

Ọjọ́ ọjà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọjà inú ìlú bí Odò-Ògbè àti Sábó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná wọn. Ọjà abúlé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi ìyá àgbà kan léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà abúlé rẹ̀, ó lè dá ọ lóhùn pé, “Ọjà ọrún ni. Àná ni wọ́n ná an.” Ká ní ọjọ́ Ajé ni àná yẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé ilé-ìwé ló ti kọ́ ìṣirò yóò rántí pé nínú àrún ni ọrún ti wá, yóò ka ọjọ́ márùn-ún lé ọjọ́ Ajé, yóò sì dé ọjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àtẹ òfìfo àti ewúrẹ́ ni yóò bá níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ná ọjà, tí wọ́n sì ti tú.

Ìyá àgbà kò purọ́, ìṣirò ọmọ náà kò sì ní àbùkù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú èdè Yorùbá, ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wà nínú iye. Ọjọ́ Ajé ni ení, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rin, Ẹtì sì ni àrún. Ẹni tí èyí bá rú lójú, kó wo ìjẹta. Òní ni ení, àná ni èjì, ọjọ́ tó ṣáájú àná ni ẹ̀ta, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ìjẹta. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ìjẹrin. Bí wọ́n bá bí ọmọ lọ́jọ́ Ajé, tí a ní ọjọ́ kẹjọ la ó sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni gbogbo ẹbí yóò pé jọ. Kò sẹ́ni tó máa ń dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A mọ ìṣirò yìí dáadáa bó bá di ti ìkómọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ ọjà ni a ti gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ ló bí ìṣirò yìí. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ ti Ọbàtálá, ọjọ́ ti Ifá, ọjọ́ ti Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Bó bá yí ká tó padà sórí èyí tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọrún. Bó bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ mẹ́jọ ló lọ, àmọ́ ìsán ni à ń pè é, nítorí a ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó sì di mẹ́sàn-án. Bó bá yí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lọ, orúkọ rẹ̀ sì ni ìtàdógún, èyí tó ti inú mẹ́tàdínlógún wá.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò jà nìyí. Wọ́n á ní, “Ìpàdé wa jẹ́ ti ìtàdógún, gbogbo ọjọ́ Àìkú méjì-méjì.” Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú, ìtàdógún rẹ̀ yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìtàdógún tó tẹ̀ lé e yóò sì tún gbé e lọ síbòmíràn. Mo mọ̀ pé èdè a máa yí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa fi ọjọ́ Jàkúta pe ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ṣùgbọ́n “ọ̀sẹ̀ méjì-méjì” wà ńlẹ̀, ó ṣe kedere, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹni. Ẹ jẹ́ kí ìtàdógún máa jẹ́ ìtàdógún, kí ó lè wúlò fún àwọn tó ṣì ń fi ka ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ òrìṣà.

Bí àlejò bá ti wá mọ ọjọ́ ọjà, ó kù kó mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ọ̀rọ̀ kékeré ni “ná”, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń ná ọjà, ìyẹn ni pé wọ́n pé jọ láti tà àti láti rà. Wọ́n ń ná owó. Wọ́n sì ń ná iṣu kan wò, ìyẹn ni pé wọ́n béèrè iye rẹ̀, wọ́n dá iye tiwọn lé e, wọ́n sì ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ ni dúnàádúrà ti wá: a dù ú, a ná an, a tún dù ú kí a tó rà á. Inú mi dùn pé rédíò ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí àtẹ ata lọ sí yàrá ìpàdé, tí a fi ń gbọ́ pé ìjọba ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàádúrà. Ìlò gidi nìyẹn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni “Èló ni láásì?” tó ti gba ẹnu gbogbo ọ̀dọ́. “Èló lẹ ó gbà?” kò gùn jù ú lọ, ó sì fi ọ̀wọ̀ fún ọlọ́jà, nítorí òun lò ń bi léèrè ohun tí yóò gbà. Bó bá sì gbà, tó bu díẹ̀ lé e fún ọ, èènì lorúkọ ìyẹn. A kì í san owó èènì, a kì í sì fi ìbínú béèrè rẹ̀.

Kí àlejò má sì pe gbogbo ẹni tó bá jókòó ti ọjà ní “oníṣòwò” lásán. Alájàpá ni ẹni tó ń lọ láti ọjà oko kan dé òmíràn, tó ń ra iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ wá tà nílùú. Alárọ́bọ̀ kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ló ń rà tó ń tún tà, owó rẹ̀ sì ń yí kíákíá. Alágbàtà kò fi owó tirẹ̀ ra nǹkan kan: ọjà ọlọ́jà ló gbà, tó ń bá a tà, tó sì ń jẹ èrè tirẹ̀ láàárín. Òun ni wọ́n ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Kí o tó fẹ̀sùn ọ̀wọ́n gógó kan ẹnikẹ́ni lọ́jà, kọ́kọ́ mọ èwo nínú wọn ni. Bí o bá sì ń kọjá lọ, “Ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà á” ti tó. Ẹni tó bá rí i pé àlejò ni ọ́ yóò kí ọ pé, “Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

Ní ayé owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ka owó ńlá. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ìyẹn ẹgbàá mẹ́wàá, tí wọ́n kó sínú àpò kan. Mo dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì sí i. Ọ̀kẹ́ àti òkè di “oke” kan náà lójú ìwé, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá owó ni wọ́n gbé wá tàbí ilẹ̀ gíga ni wọ́n gùn.

Òkè fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ilẹ̀ tó ga ni. Ọ̀nà ọ̀run ni. Ará òkè ni àwọn tó ń gbé etí òkun ń pe àwọn ará inú ilẹ̀, àwọn kan sì gbà pé ibẹ̀ ni aṣọ òkè ti gba orúkọ. Òkè-òkun wá ni ibi tó wà lódì kejì omi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan tó ga ni òkè. Àpáta ni ti òkúta tó fìdí múlẹ̀ nínú ilẹ̀, tó hàn sójú, bí Olúmọ. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, tí ìlú wọn fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Òkè lè ní erùpẹ̀ àti igbó lórí láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, kó má sí àpáta kan níbẹ̀. Bí a bá ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ẹ má fi òkè rọ́pò rẹ̀. Ọkọ́ lásán lè gbẹ́ erùpẹ̀ òkè, ẹnu àáké kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu mọ́.

Ọ̀nà a máa gùn, òkè a máa ga. “Òkè gígùn” tí mo ń kà nínú ìwé ìròyìn kò dára. Ẹni tó ń lọ sókè ń gun òkè, tàbí kí a ní ó ń pọ́n òkè, ọ̀rọ̀ tó rẹwà tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kú. Orí ni à ń pe ibi tí òkè parí sí. Ó yà mí lẹ́nu pé orí náà ni àwọn ará Wales, lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bìrìtìkó, ń pè é: “pen” ni orí nínú èdè wọn, ó sì wà lára orúkọ Pen y Fan, òkè tó ga ní mítà 886, tó ga jù ní gúúsù ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ìlú ọlọ́jà lẹ́sẹ̀ òkè bíi tiwa. Ọ̀kan nínú wọn ni Abergavenny, tí àwọn onílé ń pè ní Y Fenni. Òfin 1967 àti ti 1993 gbé èdè wọn lárugẹ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orúkọ méjèèjì sì ni àlejò ń bá lára pátákó ojú ọ̀nà wọn. Kódà wọ́n kọ ARAF, ìyẹn “rọra” lédè wọn, sórí ọ̀dà títì fún awakọ̀.

Nífẹ̀, apá ìlà-oòrùn ìlú ni Òkè Ọ̀rà wà. Níbẹ̀ ni ìtàn ti ní Odùduwà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sínú Ifẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní “Oke Ora” lásán, ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn rí lè kà á sí òkè ọ̀rá, kó máa wá bí àwọn èèyàn ṣe kó ọ̀rá jọ di òkè. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ pátákó ilé-ìtajà, ìwé ìpè àti àwòrán ilẹ̀ fún àlejò, láti Ilare dé Lágere, ẹ fi àmì sórí orúkọ ibi tí ẹ bá kọ. Bí ohùn rẹ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ bi àgbà tó wà nítòsí kí ẹ tó ra ọ̀dà.