Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Yíyọ Eyín Ọgbọ́n àti Abẹ́rẹ́ Ìtòògbé

Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ nípa eyín, nítorí pé ó ju ẹyọ kan lọ nínú wa tí eyín ń dà láàmú, àwọn ọmọ wa tó ti pé ogún ọdún náà ò sì yéé di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Eyín tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú ẹnu, tí àwọn òyìnbó ń pè ní eyín ọgbọ́n.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kì í tètè hù. Láàárín ọdún 17 sí 25 ló sábà máa ń yọ, ìgbà tí wọ́n gbà pé ọmọ ti gbọ́n. Mẹ́rin ni, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn kan wà tí tiwọn ò pé mẹ́rin, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní rárá, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Wàhálà rẹ̀ ni pé kó tó dé, àwọn eyín yòókù ti gba àyè tán, bí ẹni tó pẹ́ dé ọjà tí kò rí ìsọ̀ mọ́. Á wá dùbúlẹ̀ ní ìbú, á máa forí ti eyín iwájú rẹ̀, tàbí kó yọ ìdajì kó sì dúró. Ẹran ìdí eyín á bò ó lórí, oúnjẹ á máa há sábẹ́ ẹran náà, á rà síbẹ̀, ibẹ̀ á wú, á sì ṣọyún.

Nígbà yẹn làwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n tiwọn. Ẹlòmíì á da omi bátìrì sí i. Omi bátìrì! Ohun tó ń jẹ irin, ẹ wá ń dà á sẹ́nu. Ẹlòmíì á ra kápúsù méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn nínú mọ́tò, ìrora á rọlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún padà dé. Èyí tó burú jù ni kí wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn. Bí ẹ bá rí ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ le gbagidi, tí kò lè la ẹnu, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí mímí sì ń ni ín lára, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lóru ọjọ́ náà. Ó ń pààyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eyín ọgbọ́n ló yẹ ní yíyọ. Ní ọdún 2000, àjọ ìjọba tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí wọ́n yé yọ èyí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí tó ń wú léraléra, tàbí tó ti jẹrà, tàbí tó ń ba eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń yọ. Dókítà eyín á kọ́kọ́ ya fọ́tò X-ray láti mọ bó ṣe dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀ka eyín wà ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní ọsibítù yunifásítì n'Ífẹ̀.

Ó wá kan abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ eyín ni wọ́n ń yọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú nìkan. Ojú yín á là sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń tì, wọ́n ń fà, ṣùgbọ́n kò ní dùn yín. Bí eyín bá wà nínú egungun, tí wọ́n ní láti la ẹran kí wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́, tàbí bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ ìtòògbé kún un. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n sábà ń gbà gún un sínú iṣan. Èyí tí wọ́n ń lò jù ń jẹ́ midazolam. Kì í ṣe oorun àsùnwọra ti yàrá iṣẹ́ abẹ ńlá. Ẹ ó máa mí fúnra yín, bí dókítà bá ní kí ẹ la ẹnu, ẹ ó là á. Wọ́n á ṣì gún ti inú ẹnu, torí pé ìtòògbé kì í pa ìrora.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é o. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ yín lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí wọn ò bá ní ìyẹn, tí wọ́n fẹ́ gún yín, ẹ dìde níbẹ̀ o jàre. Nítorí ẹ̀rọ yẹn náà ni kí ẹ ṣe pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kí ẹ tó lọ. Ẹ sọ gbogbo àìsàn tó wà lára yín: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àsímà, oyún, oògùn tí ẹ ń lò, títí dé àgbo. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun, ẹ má jẹun, kí ẹ má sì sọ pé ẹ̀kọ mímu kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tó bá bì nígbà tó ń tòògbé, ohun tó bì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí. Abẹ́rẹ́ yìí ń mú kéèyàn gbàgbé. Ojú ẹni náà á là, á máa rẹ́rìn-ín, á máa dáhùn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lè má dúró lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yọ eyín láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sílé lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n yà sọ́jà, ara òun ti le. Oníbàárà rẹ̀ kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rin láwìn wá san owó fún un níbẹ̀. Ó gbà á, ó kà á, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ò rí owó kankan gbà. Oníbàárà búra, òun náà búra. Wọ́n fi ara wọn pe olè níwájú ìyálọ́jà, ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọ aṣọ ló rí owó náà ní sísó mọ́ etí ìró, ó pé pérépéré. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti gún yín títí di ìgbà náà lọ́jọ́ kejì, ẹ má gba owó, ẹ má san owó, ẹ má tajà láwìn, ẹ má tẹ ìka sí ìwé kankan. Bí ẹ bá ń gba àjọ, ẹ gbé ìwé àjọ fún ẹlòmíì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má wa mọ́tò, ẹ má gun ọ̀kadà lọ sílé, ẹ má dáná àkàrà, ẹ má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ọtí kò sí níbẹ̀, oògùn oorun kò sí níbẹ̀. Àgbàlagbà kan ni kó tẹ̀ lé yín lọ, kó bá yín dé ilé, kó sì sùn tì yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìtọ́jú. Wọ́n á ní kí ẹ géyín mọ́ òwú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gé e mọ́ra, ẹ má máa yọ ọ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò yẹn ni oògùn tí Ọlọ́run fi síbẹ̀, òun ló ń bo egungun. Ọjọ́ kìíní, ẹ má yọ ẹnu, ẹ má tutọ́ kíkan, ẹ má fa nǹkan mu. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ ò kì í lo sitírọ́ò. Píọ́ wọ́tà tí ẹ ń fi eyín já létí tí ẹ ń fà mu ńkọ́? Agbálùmọ̀ ńkọ́? Egungun ẹran ńkọ́? Bákan náà ni gbogbo wọn. Ẹ da omi sínú ife kí ẹ fi ètè mu ún. Aáṣà àti sìgá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ṣí kúrò, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni ìrora ńlá á dé, á máa ta dé etí, ẹnu á sì máa rùn. Ó wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ń lo oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, á fọ ibẹ̀, á fi oògùn dí i. Ẹ má lọ ra kápúsù.

Wíwú máa ń pọ̀ jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kó tó máa lọ sílẹ̀, ẹ má jáyà. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi aṣọ wé omi dídì, ẹ máa gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ sì máa gbé e kúrò. Láti ọjọ́ kejì, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ gbà á sẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó dà jáde fúnra rẹ̀. Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀ 500 méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí mẹ́fà sí ara wọn, kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má fi Alabukun sí i: aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹ̀kọ tí kò gbóná, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, àmàlà òun ewédú tí kò láta, ìwọ̀nyí ló rọrùn. Gúgúrú, ẹ̀pà àti gàrí gbígbẹ á há sínú ihò. Orin jíjẹ, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń dà, ẹ ká aṣọ mímọ́ tó tutù, ẹ gé e mọ́ra fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìjókòó. Tí kò bá dá, ọsibítù ni. Ibà, ọyún, tàbí wíwú tó tún ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọsibítù náà ni. Ètè tàbí ahọ́n àwọn kan máa ń kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí pé iṣan kan gba ìdí eyín ìsàlẹ̀ kọjá. Èyí tó pọ̀ jù máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí kì í padà, ẹ bi dókítà nípa rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Òwú tí wọ́n fi rán ibẹ̀, òmíràn máa ń yọ́ fúnra rẹ̀, òmíràn sì wà tí ẹ ó padà lọ yọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń jókòó nísọ̀ lè padà sọ́jà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó ń rẹrù, kó jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Akọ̀wé ẹgbẹ́