Ibi Tí A Bá Pè Lórí

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá fáìlì ISO ti Memtest86+ mu, ètò tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi yẹ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà wò. Bí ẹni ń kó orin sórí síídì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dà á kọ. Wọn á ti síídì náà bọ kọ̀ǹpútà, wọn á tàn án, Windows á sì ṣí bó ṣe ń ṣí lójoojúmọ́. Ni wọn á bá ní Memtest86+ kò dáa. Memtest86+ kò jẹ̀bi.

Odindi síídì ló wà nínú ISO, pẹ̀lú apá tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ wá kó tó mọ̀ pé òun lè ti ibẹ̀ búùtù. Ẹ ṣí síídì tí ẹ ṣe nínú Windows kí ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso lẹ rí, tàbí .zip tí ẹ kò tíì tú, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Láti Windows 7 ni ọ̀nà tó tọ́ ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀: ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ ISO náà, kí ẹ mú “Burn disc image”. Lórí Windows 11, “Show more options” lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ má fo àpótí tó ní kó yẹ síídì wò lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ń fura sí kọ́ ló yẹ kó bá yín kọ síídì tí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Inú mẹ́mọ́rì ni fáìlì ń gbà kọjá kó tó dé orí síídì. Bí mẹ́mọ́rì bá ti bàjẹ́, ó lè yí nǹkan padà lójú ọ̀nà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Kí ẹ tó kọ ọ́ rárá, ẹ fi àṣẹ Get-FileHash nínú PowerShell wo nọ́ńbà SHA-256 fáìlì náà, bóyá ó bá èyí tí àwọn tó ṣe é kọ sílẹ̀ mu.

Bí síídì bá dáa tí kọ̀ǹpútà kò sì kà á, ẹ tẹ F12 lórí Dell tàbí F9 lórí HP bó ṣe ń tàn, kí ẹ sì mú síídì níbẹ̀. Memtest86+ àtijọ́, bí èyí tó jáde ní 2013, kò mọ UEFI, ètò tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tàn. Ẹ̀dà 6, tó jáde ní 2022, mọ̀ ọ́n. Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ búùtù wò, náà lè dí i lọ́nà. Ẹ lè pa á fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí BitLocker, tó ń ti fáìlì pa, bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sọ́wọ́ ná, kí fáìlì yín má baà há sínú. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ibi tí a ń ti síídì bọ̀, fíláàṣì àti Rufus, ètò tó ń kọ ISO sórí fíláàṣì, tó o.

Tí Memtest86+ bá ti ṣí, ẹ jẹ́ kó yẹ mẹ́mọ́rì náà wò délẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Kó ṣe é mọ́jú ló dára jù. Níbi tí iná ti ń lọ, ẹ wá UPS tàbí bátìrì tó kún, torí bí iná bá lọ, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí. Àṣìṣe kan ṣoṣo, tó máa ń hàn ní àwọ̀ pupa, ti pọ̀ jù.

Síbẹ̀ ẹ má tíì ra RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì, tuntun. Bí ẹ bá ti tan XMP, ètò tó ń mú kí RAM yára sí i, ẹ pa á kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Tí àṣìṣe bá ṣì wà, ẹ fi RAM kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì gbé e sí ihò kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ṣàṣìṣe ní ihò méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀. Bí gbogbo RAM bá ń ṣàṣìṣe ní ihò kan náà, mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.