Ó Ń Ta Gbọ̀n-ọ́n Gbọ̀n-ọ́n, Kò sì Mutí: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Àrùn SCA2

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lójú títì, tó ń ya ẹsẹ̀ kó má baà ṣubú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kí lẹ máa kọ́kọ́ rò? Ọ̀pọ̀ wa á ní ọtí ló ń pa á. Àmọ́ ní agbègbè Holguín, lápá ìlà oòrùn Kúbà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló mọ̀ pé ó lè má jẹ́ ọtí rárá. Ibẹ̀ ni àrùn ìdílé tí wọ́n ń pè ní SCA2 ti wọ́pọ̀ jù lọ láyé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lára wọn? Níbi ìpàkọ́ wa, ọpọlọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí ìrìn wa gún, kí ọwọ́ wa sì ba ibi tí a fi í sí. Nínú SCA2, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Ìrìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á máa gbọ̀n tó bá fẹ́ mú nǹkan, oúnjẹ á sì máa há lọ́nà ọ̀fun. Dókítà tún máa ń wo ẹyinjú. Tí a bá ní kéèyàn wo ìka kan, kó tún wo òmíràn, ojú tiwa á fò lọ lẹ́ẹ̀kan. Tẹni tó ní SCA2 á máa wọ́ lọ.

Kì í ṣe èpè. Jíìnì kan tó ń jẹ́ ATXN2 ló fà á. Ọdún 1996 ni wọ́n rí i. Lẹ́tà mẹ́ta, CAG, ló ń tún ara wọn kọ nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà 22 ni. Tó bá ti di 33 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn lè dé. Bó bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè gùn sí i nígbà tó bá ń kọjá sára ọmọ, pàápàá láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ìdí nìyẹn tó fi lè mú ọmọ ní kékeré ju ìgbà tó mú bàbá lọ.

Kò dà bí SS, tó jẹ́ pé bàbá àti ìyá ló gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní S kọ̀ọ̀kan. Nínú SCA2, ọ̀kan péré láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣe ló dà bí kọ́bọ̀ tí a jù sókè: ó lè bọ́ sí ojú yìí, ó lè bọ́ sí èkejì. Èyí kò wá ní pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin, méjì ló máa ní in. Gbogbo wọn lè bọ́, gbogbo wọn sì lè ní in. Àmọ́ ọmọ tí kò bá jogún rẹ̀ kò lè gbé e fún ọmọ tirẹ̀.

Láti ọdún 2001, Kúbà ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìdílé yìí tí ara wọn ṣì le wò, bí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, torí kò tíì sí oògùn tó ń wo àrùn yìí sàn. Eré ìdárayá tí wọ́n fi ń kọ́ ara ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó bímọ. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ rárá. Ẹ̀yin ńkọ́, tó bá jẹ́ yín, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?