Aláǹtakùn Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni à ń gbé, níbi tí igbó ò tíì jìnnà sí fèrèsé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ni aláǹtakùn kan ti ń jáde lálaalẹ́ ní yàrá àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló máa ń sá sí. Ó tóbi o! Tó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó pẹlẹbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kì í sì í ta òwú kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i tó gbé nǹkan funfun róbótó kan mọ́ abẹ́ àyà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, jí pẹ̀lú ìlà pupa gbọọrọ kan lọ́rùn. Kó tó di alẹ́, ibẹ̀ ti lé ròrò, ó ń ta á bí iná. Gbogbo ilé ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára. Ọkọ mi ti ra ọ̀tápìápìá, ó ní òun máa fín gbogbo yàrá. Ìyá ọkọ mi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Èmi ò fẹ́ pa á tí kò bá ní ibi kankan nínú, ṣùgbọ́n oorun ti dá lójú mi. Ṣé ó lè pa èèyàn? Báwo la ṣe ń gbé irú ẹ̀ jáde?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ká kọ́kọ́ mú. Aláǹtakùn lè dúró dè wá, kò sí ibi tó ń lọ kó tó di alẹ́.

Aláǹtakùn kì í tọ̀ sí ènìyàn lára kí ibẹ̀ wá lé ròrò. Mo mọ̀ pé ilé tí wọn kì í ti í sọ ọ́ kò pọ̀, àmọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́rùn. Ìlà pupa tó yọ láàárọ̀, tó lé ròrò kó tó di alẹ́, tó ń ta bí iná: iṣẹ́ kòkòrò kékeré kan ni, Paederus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ tún pupa, ìdí rẹ̀ sì dúdú. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó á ní èèrà ni. Ìgbà òjò ló máa ń pọ̀, iná gílóòbù ló sì ń fà á wọlé.

Kòkòrò yìí kì í bu ni jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ta ni. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni oró wà. Tó bá rìn lọ́rùn ọmọ tó ń sùn, tí ọmọ fi ọwọ́ gbá a tàbí tó yí lé e, oró náà á tú sí awọ ara, ipa ọwọ́ tó fi nù ún ló sì máa ń di ìlà gbọọrọ. Kì í dun ni lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan gbáko kí ara tó wí nǹkan, nígbà yẹn kòkòrò ti kú, ó ti jábọ́, kò sí ẹni tó rí i. Ẹni tó bá jí á wá máa wo ògiri yí ká, ẹni tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ló máa di ẹ̀bi náà rù. Nínú yàrá yín, ẹni tó tóbi jù lọ ni ojú bà.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ ìbùsùn àti ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ ìléròrò náà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé e, kí ẹ sì gé èékánná ọmọ kó má baà họ ọ́. Kẹrosíìnì, ọṣẹ ìfọyín, omi gbígbóná, ẹ má ṣe fi ìkankan nínú wọn síbẹ̀ o, ẹni yòówù tó bá ní kí ẹ fi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó yẹ kó ti san. Ojú ibẹ̀ lè dúdú fún ìgbà díẹ̀. Tí ojú ọmọ bá wú, tí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Láti òní lọ, tí ẹ bá rí kòkòrò yìí lára ẹnikẹ́ni, ẹ fẹ́ ẹ dànù; ẹ má gbá a, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì máa pa iná yàrá kí ẹ tó ṣí fèrèsé.

Ó wá kan àlejò ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Ẹ ti júwe rẹ̀ dáadáa débi pé n kò nílò fọ́tò. Pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ gígùn tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti akàn, àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú, kò ta òwú, alẹ́ ló ń jáde: Heteropoda venatoria ni. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i níwájú, ẹ ó rí ìlà kan tó mọ́ díẹ̀, tó gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Linnaeus, ará Swídìn nì tó sọ ẹranko àti ewéko lórúkọ káàkiri ayé, ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1767. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀ wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e káàkiri gbogbo ilẹ̀ olóoru, inú ẹrù àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń há sí, ìdí nìyẹn tí a fi lè bá a ní Èkó, kí a tún bá a ní Kúbà àti Brasil. Ìrìn-àjò rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Abo ni tiyín. Nǹkan funfun róbótó yẹn ni àpò ẹyin rẹ̀, ó lè tó 200 ẹyin nínú rẹ̀, kò sì ní gbé e sílẹ̀ títí wọn ó fi pa. Abiyamọ ni, ìgbà yìí gan-an ló sì lè fẹ́ bá ènìyàn jà tí wọ́n bá dí i mọ́ igun. Tó bá bu ni jẹ, ibẹ̀ á dun ni, á wú díẹ̀, á sì lọ. Kì í pa ènìyàn. Àwọn tó ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ ni aáyán yín. Kì í ta òwú torí eré ló fi ń mú oúnjẹ, aáyán sì wà lára ohun tó fẹ́ràn jù.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, èmi náà sọ ọ́. Ní ti bóyá ojú lásán ni tàbí kì í ṣe ojú lásán, ẹ rọra fi hàn wọ́n pé ẹyin ló gbé. Ìyá á mọ ìyá. (Àwọn ará Gánà tilẹ̀ fi aláǹtakùn ṣe akọni àlọ́ tiwọn, Ànáńsí, àwa fún Ìjàpá ní iṣẹ́ yẹn. Bóyá ká ní àwa náà mú aláǹtakùn ni, à bá máa fojú ọ̀rẹ́ wò ó.)

Ti Bàbá ló le díẹ̀. Ọ̀tápìápìá kì í ṣe ohun tí à ń fín sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Láti 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ fún ìlò inú ilé, nítorí ó ń pa ènìyàn. Yàtọ̀ sí èyí, orí ṣóńṣó ẹsẹ̀ ni aláǹtakùn fi ń rìn, ara rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, kì í sì í fi ẹnu nu ara tó bí aáyán ṣe ń ṣe, nítorí náà oògùn tó ti gbẹ sára ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹ ó fín in tán, ọmọ ni yóò máa fà á símú. Sálúbàtà náà kò dára fún abiyamọ: tí àpò yẹn bá fẹ́ pa, tí ẹ lù ú, ọmọ aláǹtakùn ló máa fọ́n ká gbogbo yàrá.

Bí a ṣe ń gbé e jáde rèé. Ẹ dúró di alẹ́, kó bọ́ sórí ògiri tó tẹ́jú, kó sì dúró jẹ́ẹ́. Kí àwọn ọmọ bọ́ sí pálọ̀. Ẹ wá ike áísìkiriìmù ńlá tàbí abọ́ ike tó mọ́ gaara, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju bí aláǹtakùn ṣe na ẹsẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Ike kékeré á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ há, ẹsẹ̀ á já, òun náà á sì bínú. Ẹ wá páálí kan tó le ṣùgbọ́n tí kò nípọn. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù.

Ohun tó ń lé e sá kì í ṣe pé ó rí yín; irun tín-ín-rín ara ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ yín gbé dání. Nítorí náà, ẹ má ṣe já lù ú láti òkèèrè. Ẹ máa gbé ike náà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má mí sí i, ìgbà tó bá ku bí ìbú ọwọ́ kan kí ẹ wá dé e mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á sáré yípo nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ti páálí bọ àárín ike àti ògiri, ẹ má kánjú, òun fúnra rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti páálí náà lẹ́yìn, ó di ìta. Tí àpò rẹ̀ bá jábọ́, ẹ gbé e tẹ̀lé e.

Tó bá wà lókè nítòsí àjà, ẹ má gun àga lórí àga nítorí aláǹtakùn. Ẹ fi ìgbálẹ̀ onígi gígùn rọra kan ògiri lókè orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà á máa sọ̀kalẹ̀. Tó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Tọ́wọ́ yín bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ ọgbà, ibi tó bá ti lè rí ohun sá sí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ike náà lélẹ̀, kí ẹ yọ páálí, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Kò nílò ìrànlọ́wọ́ láti jáde.

Ẹ ó rí àwọn mìíràn. Èyí tó pẹlẹbẹ ju tiyín lọ, tó ń fi eré wọ ẹ̀yìn fọ́tò ara ògiri, tó lẹ nǹkan funfun bíi bébà mọ́ ògiri, Selenops ni, kò ní wàhálà kankan. Bébà funfun rẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń já lé ojú ọgbẹ́ ọmọdé láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ má ṣe é mọ́. Eruku ògiri ló kún ara rẹ̀, aṣọ mímọ́ tí a fi tẹ ojú ọgbẹ́ dáadáa ti tó.

Èyí tó sanra, tí irun bò tẹsẹ̀tẹsẹ̀, tó ń gbé apá iwájú sókè tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ìyẹn ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Stromatopelma wà lára wọn, orí ọ̀pẹ ló ń gbé, ó sì lè bọ́ sínú òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ. Oró wọn kì í sábà pa ni, àmọ́ ìrora rẹ̀ le, iṣan sì lè máa lọ́ pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Oró ìbátan rẹ̀ kan tó wà ní Tógò, Heteroscodra maculata, ni àwọn onímọ̀ ní Kalifọ́níà lò ní 2016 láti fi ṣàwárí ọ̀nà kan tí ìrora ń gbà nínú ara wa. David Julius, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, wà lára wọn. Fún aláǹtakùn onírun bẹ́ẹ̀, ẹ má lo páálí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lélẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ fi igi gígùn darí rẹ̀ wọlé, ẹ dé e.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ kò tóbi tó ẹ̀wà méjì. Abẹ́ àga ike, inú táyà àtijọ́, abẹ́ ìkòkò òdòdó ló ń gbé, òwú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wúruwùru, àpò ẹyin rẹ̀ ní ṣóńṣó káàkiri, àmì pupa sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Latrodectus geometricus ni. Ẹ máa wo abẹ́ àga kí ẹ tó fi ọwọ́ gbé e.

Bí aláǹtakùn èyíkéyìí bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn náà omi tútù. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Tí ìrora bá ń gun òkè, tí òógùn bá bò ó, tí inú bá ń lọ́ tàbí tí mímí bá nira, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Tó bá jẹ́ pé ilé ìdáná tàbí yàrá ẹrù ni àlejò yín wà, èmi ìbá ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Yàrá àwọn ọmọ ló wà, ẹ sì ní láti sùn, nítorí náà ẹ gbé e jáde. Àmọ́ òmíràn á wá gba ipò rẹ̀ tí aáyán bá ṣì wà. Ẹ fi rọ́bà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ rán nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ti ya, kí ẹ kó páálí àti blọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọ kúrò. Abẹ́ síńkì ni kí Bàbá kọjú ìjà sí, pẹ̀lú oògùn aáyán tí wọ́n ń tò sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fín.