Sí Ọ̀dọ́ Tí Ara Rẹ̀ Tóbi, Tí Ó Ń Wá Alùpùpù Àkọ́kọ́

Ọmọ mi, ọmọ Ìlàjẹ tí í fi àjẹ̀ la omi, mo gbọ́ pé o fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, kí o sì máa gun alùpùpù ní Igbókòdá, níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ ti pàdé omi. Bí ara rẹ sì ti tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ lọ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Nínú Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà fẹ́ràn, 100cc wà, 150cc sì wà. Èyí tí ó tóbi ni mo yàn fún ọ, kì í ṣe nítorí eré, bí kò ṣe pé ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó ru ẹni ńlá a máa ké ìrora nígbà tí ó bá kan iyanrìn. Kí o tó sanwó, jókòó lé e, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Fi ìdí tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, kí o wo ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, bí ó bá rì jù, kí mẹkáníìkì yí sípíríńgì rẹ̀ le sí i. Bíréèkì ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ohun tí ó wúwo kì í tètè dúró.

Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun wa a máa jẹ irin: fi omi tí kò níyọ̀ fọ ṣéènì, kí o sì fi ọ́ìlì pa á. Ra àṣíborí tí ó bá orí rẹ mu, kọ́ gígùn ní pápá gbalasa, má sì gbé èrò kankan títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ́ ọn.