Nígbà tí a Pín Wáyà Tẹlifíṣàn sí Méjì: Kí Ló Dé tí Àwòrán Fi Ń Já?

Lọ́tẹ̀ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ tó ń kó owó jáde lápò àwọn èèyàn wa, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Tẹlifíṣàn kan ló wà ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n fẹ́ tiwọn ní yàrá. Tàbí kẹ̀, Màmá ti ilé dé láti wá bá wa tọ́jú ìkókó, ẹ ò sì lè ní kí àgbàlagbà máa tẹjú mọ́ ògiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Baba ilé bá ra wáyà, ó gé èyí tó ti orí òrùlé wá, ó pín in sí méjì. Láti ọjọ́ náà, tẹlifíṣàn ti yàrá kò ríran dáadáa, èyí tó wà ní pálọ̀, tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, náà bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n á sáré ra booster. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á pe ẹni tí yóò gun òrùlé láti fi áńtẹ́nà tuntun síbẹ̀. Owó ńlá nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ìdè wáyà tí kò tó ọmọ ìka ló fa gbogbo wàhálà náà. Tẹlifíṣàn tí à ń sọ ni ti áńtẹ́nà orí òrùlé, ìyẹn Freeview. A ó kan ọ̀rọ̀ dish tó bá yá.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí

Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí a kọ́, nítorí náà ẹ gbà wá láàyè ká sọ ọ́ bí owó. Àwòrán àti ohùn máa ń gba ojú afẹ́fẹ́ wá bí ìgbì, áńtẹ́nà á sì gbà á wọlé bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gba owó oṣù. Iye tó bá gbà lókè ni gbogbo ilé máa pín. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ò tilẹ̀ ní rí ìdajì gan-an, torí pé ẹ̀rọ kékeré tó ń pín in, tí wọ́n ń pè ní splitter, máa ń yọ díẹ̀ tirẹ̀ bí alájọ.

Dẹ́síbẹ́lì ni àwọn oníṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n. Bí dẹ́síbẹ́lì 3 bá lọ, ìdajì agbára ti lọ nìyẹn. Splitter ọlọ́nà méjì máa ń jẹ bíi 3.5 sí 4 ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́nà mẹ́rin ń jẹ 7 sí 8, ìyẹn ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan ò rí ju bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Wáyà náà ń jẹ tirẹ̀: èyí tó dára máa jẹ bíi dẹ́síbẹ́lì 2 ní mítà 10, èyí tó tín-ínrín, tó ti gbó, ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní oníṣẹ́ gbé mítà rẹ̀ sẹ́nu wáyà tó ti òkè wá, ó ka 52. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó dé ẹ̀yìn tẹlifíṣàn wà láàárín 45 sí 65. Ẹ wá ra splitter ọlọ́nà mẹ́rin, nítorí ẹni tó tà á ní ó lè wúlò lọ́la. Ẹ yọ 8, ó ku 44. Ẹ fa wáyà mítà 15 lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ yọ 3, ó ku 41. Gbèsè ti wọlé. Ká ní ọlọ́nà méjì lẹ rà ni: 52, ẹ yọ 4, ẹ yọ 3, ó ku 45. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ ò lò, ẹ̀ ń sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Tẹlifíṣàn méjì, splitter ọlọ́nà méjì. Ẹ má gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn á ní, “Nílé lọ́hùn-ún ńkọ́? A máa ń lọ́ wáyà pọ̀ lásán, tẹlifíṣàn sì ń ṣiṣẹ́.” Òótọ́ ni. Tẹlifíṣàn ìgbà yẹn, bí ìgbì bá dín kù, ojú rẹ̀ á kàn dà bí ẹni da ìrẹsì sí i, ẹ ó ṣì máa wo bọ́ọ̀lù yín lọ. Àmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n pa irú ìgbì àtijọ́ yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2012, nígbà tó sì fi di ìparí oṣù kẹwàá ọdún náà, gbogbo Bìrìtéènì ti bọ́ sórí dígítà. Dígítà ò mọ ojú àánú. Bí ìgbì bá tó, àwòrán á mọ́ roro. Bó bá fi díẹ̀ péré dín, àwòrán á fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ohùn á máa gé, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dúdú. Ìdí nìyí tí tẹlifíṣàn tó ti ń ṣe dáadáa fún ọdún mẹ́ta fi lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ pín wáyà rẹ̀. Etí bèbè ló ti wà tipẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí BBC One bá ń ṣe dáadáa tí àwọn ìkànnì mìíràn pòórá. Ìkànnì kì í dá rìn. Wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ pọ̀ ni, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà tirẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá kọṣẹ́, gbogbo èrò inú rẹ̀ ò ní dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbì tí kò tó tàbí ìdè tí kò dára ló ń fà á, tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ò ní nǹkan kan.

Ìdè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ pa tẹlifíṣàn, ẹ yọ splitter kúrò pátápátá, kí ẹ so wáyà tó ti òkè wá mọ́ tẹlifíṣàn kan ṣoṣo. Bó bá gba pé kí ẹ gbé tẹlifíṣàn kékeré lọ síbi tí wáyà náà wà, ẹ gbé e. Bí àwòrán bá bọ̀ sípò, áńtẹ́nà yín ò jẹ̀bi. Inú ilé ni ẹjọ́ wà. Bó bá ṣì ń já, nígbà náà ni kí ẹ máa wo òkè.

Nínú mẹ́nù ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, ibì kan wà tí wọ́n kọ “Signal Strength” àti “Signal Quality” sí. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bí ìgbì ṣe pọ̀ tó, èkejì ń sọ bó ṣe mọ́ tó. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ nígbà tí kò sí splitter, ẹ tún kọ wọ́n nígbà tí ẹ dá a padà. Ìlà méjì lórí ìwé pélébé, ó ti tó. Àmọ́ o, ẹ má ṣe tún ìkànnì wá nígbà tí àwòrán ń já. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti tẹ bọ́tìnì yẹn. Bí tẹlifíṣàn bá wá ìkànnì nígbà tí ìgbì ò tó, yóò pa èyí tí kò rí rẹ́ kúrò nínú ìwé orúkọ rẹ̀, ìṣòro kan á sì di méjì. Ẹ tún wáyà ṣe ná.

Ó wá kan ìdè fúnra rẹ̀, níbi tí àwa ti ń rí wàhálà jù. Wáyà áńtẹ́nà yàtọ̀ sí wáyà iná. Okùn bàbà kan wà láàárín, rọ́bà funfun yí i ká, àwọ̀n wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ àti fọ́ìlì wà lórí rọ́bà yẹn, kó tó wá kan èèpo òde. Àárín bàbà àti àwọ̀n yẹn ni ìgbì ń gbà rìn, àlàfo tó wà níbẹ̀ sì ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá bó wáyà mẹ́ta, tó lọ́ wọn pọ̀, tó fi téèpù dúdú dì wọ́n, ti ba ìwọ̀n náà jẹ́. Nígbà tí ìgbì bá dé ibẹ̀, apá kan á ta padà, bí ohùn ṣe máa ń ta padà lára àpáta. Ìyẹn lè burú ju pípín lọ. Irun kan ṣoṣo lára àwọ̀n yẹn tó bá fara kan bàbà àárín náà tó láti pa gbogbo rẹ̀. Ẹ tú ìdè, ẹ gbé e sójú iná, ẹ wò ó dáadáa; ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì kó lo dígí.

Splitter tó níláárí máa ń ní ara irin, ìdè rẹ̀ a sì máa jẹ́ oníyíyí, tí ọjà ń pè ní F connector. Ẹ ká àwọ̀n wáyà sẹ́yìn lórí èèpo òde, ẹ yí ìdè náà wọ̀ ọ́ títí yóò fi le, kí ṣóńṣó bàbà yọ síwájú díẹ̀, bíi mílímítà 2 sí 3. Wáyà tó kù lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gé e. Ẹ má ká a jọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, torí pé mítà kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú owó oṣù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó kán ní igun ògiri, ẹ má sì kan ìṣó mọ́ ọn lórí.

Booster ńkọ́?

Booster ní àyè tirẹ̀, àmọ́ ibi tí àwọn èèyàn wa ń fi í sí ni kò dára. Wọ́n á fi í sí yàrá, lẹ́yìn tẹlifíṣàn tí kò ríran. Ìgbì ti pín, wáyà ti jẹ tirẹ̀, ariwo ti dà pọ̀ mọ́ ìyókù; booster á wá sọ ìgbì di ńlá, á sọ ariwo náà di ńlá. Kí a tó pín ni ó yẹ kó wà. Irú kan wà tó ní ẹnu ọ̀nà méjì tàbí mẹ́rin lára, tó ń fún ìgbì lágbára kó tó pín in. Ẹni tó ní tẹlifíṣàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irú ìyẹn ni kó rà dípò splitter lásán.

Ilé mìíràn ti ní booster lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńtẹ́nà láìjẹ́ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀. Àpótí kékeré kan tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn àga ló ń fi iná ránṣẹ́ sí i, inú wáyà áńtẹ́nà kan náà ni iná ọ̀hún sì ń gbà gòkè. Bí ẹ bá wá fi splitter sáàárín àpótí yìí àti òkè, ọ̀pọ̀ splitter kì í jẹ́ kí iná kọjá, booster òkè á kú, gbogbo tẹlifíṣàn ilé á tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn àpótí náà, lápá ibi tí tẹlifíṣàn wà, ni kí ẹ ti pín in. Ẹ wò ó dáadáa pẹ̀lú bóyá ẹnì kan ti yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè fi ibẹ̀ sí fóònù. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ìyẹn ṣe wọ́pọ̀ tó!

Ẹ̀yin tí ń gbé Peckham àti àdúgbò rẹ̀, ẹ rántí pé òpó ńlá Crystal Palace ò jìnnà sí yín. Ó ga tó mítà 219, òun ló sì ń fún apá tó pọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbì. Ìgbì tó pọ̀ jù náà ń ba àwòrán jẹ́ bí èyí tí kò tó. Bí ẹ bá fi booster sí i tí nǹkan tún burú sí i, ẹ yọ ọ́.

Dish, fúláàtì kánsù àti láísẹ́ǹsì

Wáyà dish, ẹ má fi splitter pín in. Ẹ̀rọ tó wà nídìí tẹlifíṣàn máa ń fi iná àti àṣẹ ránṣẹ́ sórí dish láti sọ irú ìgbì tó fẹ́. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń pàṣẹ lórí wáyà kan, ìkan á máa da èkejì rú. Ojú dish tó ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀ lẹ máa nílò, kí wáyà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dá dé ibẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé gogoro, áńtẹ́nà kan ni gbogbo fúláàtì ń pín. Ẹ má tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, torí pé àṣìṣe yín lè kan aládùúgbò. Bí ẹ bá so tẹlifíṣàn kan ṣoṣo mọ́ ògiri tí kò sì ríran, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń san service charge, ẹ ka ìwé owó yín. Ó ṣeé ṣe kí owó àtúnṣe áńtẹ́nà ti wà nínú rẹ̀, kò sì sídìí tí ẹ ó fi san án lẹ́ẹ̀mejì. Ilé onílé sì nìyí: ẹ gba àṣẹ ní kíkọ kí ẹ tó lu ògiri.

Láísẹ́ǹsì tẹlifíṣàn kan tó fún gbogbo ìdílé tó ń gbé pọ̀, bó ti wù kí tẹlifíṣàn pọ̀ tó. Ti Màmá àti ti àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ibi tí ó ti léwu ni bí ẹ bá fa wáyà lọ fún ẹni tó gba yàrá lọ́tọ̀. Bó bá ní ìwé àdéhùn ilé tirẹ̀ fún yàrá yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, àfi bí gbogbo yín bá jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan náà. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, láìka owó ilé ẹjọ́. Ẹ má sì rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó sá sí: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, BBC iPlayer náà ń béèrè láísẹ́ǹsì.

Síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà yín lọ́wọ́ wáyà. Láti ọdún 2024, tẹlifíṣàn tuntun tó ní Freely lè mú ọ̀pọ̀ ìkànnì wá láti inú Wi-Fi láìsí áńtẹ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ ra tẹlifíṣàn tuntun fún yàrá tẹ́lẹ̀, ẹ bèèrè fún un.

Bó bá wá di ọ̀rọ̀ orí òrùlé, ẹ má fi àkàsọ̀ gun un fúnra yín. Ẹ wá oníṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Confederation of Aerial Industries, kí ẹ gba iye owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé àkàsọ̀ dúró. Ẹ fi ìwé pélébé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí hàn án, kí ẹ ní kó fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín kó tó yọ áńtẹ́nà kankan.