Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Máa Ṣe Etí Alẹ̀mọ́ fún Fáìlì

Ìwọ ọmọ tí o fẹ́ fi àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù wá oúnjẹ òòjọ́ ní Ìkejì-Arákejì, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé etí alẹ̀mọ́ lo fẹ́ máa ṣe, ìyẹn ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, tó yọrí síta, tí a kọ nǹkan sí kí ọwọ́ lè tètè ṣí fáìlì síbi tí a ń wá. Iṣẹ́ gidi ni. Ìwé kò sì wọ́n ní ìlú wa. Láti 1928 tí Joseph Ayo Babalola, tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà nígbà náà, ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run níbí lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni èrò ti ń wọ́ wá. Láti 2006 tí yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ti bẹ̀rẹ̀, fáìlì ti di òkìtì. Bí àwọn NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, bá ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀kọ́ wò ní yunifásítì èyíkéyìí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á máa sáré kó ìbéèrè ìdánwò, ìwé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ jọ. Ka lọ́yà Iléṣà mọ́ ọn, ka àwọn akọ̀wé ìjọ. Oníbàárà wà; kí o mọ iṣẹ́ ló kù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú fún ọ yìí.

1. Kí o tó gé ìwé kankan, béèrè ẹni tí yóò máa wá a. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Má ro ti ẹni tó to fáìlì. Ro ti ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ tí ẹni tó tò ó kò sí nílé. Mú ìwé ilẹ̀ wò. Bàbá kan ra ilẹ̀. Ó ní ìwé àdéhùn láti ọwọ́ ẹbí tó tà á, ó ní rìsíìtì, ó ní pláànì tí sọ̀féyọ̀ yà, bóyá ó tún ní C of O, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, nítorí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Bí bàbá bá wá kọ "Ìwé Pàtàkì 1" àti "Ìwé Pàtàkì 2" sí etí wọn, òun nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá dé pẹ̀lú ariwo, ìyàwó tàbí ọmọ ni yóò máa ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. "Ilẹ̀ ọ̀nà Ìpetu: rìsíìtì" ni kí o kọ, bí ẹnu ẹni tó ń wá a yóò ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì bá ní kí o sáà kọ "Àwọn Mìíràn", fi ọ̀wọ̀ bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Abẹ́ orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé tó sọnù sùn sí.

2. Má ra etí A sí Z ti òkèèrè kí o kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ Yorùbá. Ibí ni mo fẹ́ kí o ti dúró dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó rẹ wà. A sí Z ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lẹ́tà 26. Márùn-ún nínú wọn, C, Q, V, X àti Z, kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Tiwa jẹ́ 25, a sì ní mẹ́rin tí wọn kò ní: Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ. Láti 1875 tí àwọn ọlọ́pọlọ ìjọ CMS ti jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí ni ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà ti ní ètò. Àmọ́ etí tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ìyọnu tó wá tóbi jù ni pé orúkọ wa kì í pín dọ́gba. Ṣí ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A àti O á wú bí ikùn ẹni tó jẹ iyán lájẹjù, wàá sì rí X tó jókòó lófìfo láti January dé December.

Nítorí náà, ìwúwo orúkọ ni kí o fi pín in, kì í ṣe lẹ́tà. Fún A, ṣe etí ADÉ, AJÁ, AKIN àti AYỌ̀. Fún O àti Ọ, ṣe ÒGÚN, OLÚ, OYÈ àti ỌLÁ. Ka iye orúkọ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó gé e. Bí ADÉ nìkan bá ju gbogbo B sí D lọ, pín in sí ADÉ-A títí dé ADÉ-L, àti ADÉ-M lọ sókè. Kó C, Q, V, X àti Z pọ̀ sí etí kan ṣoṣo fún àwọn àlejò tó bá wọlé.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o: bí ọ́fíìsì náà bá ń tẹ orúkọ sórí kọ̀ǹpútà láìsí àmì, tí O àti Ọ ti di ọ̀kan náà nínú ìwé wọn, tẹ̀lé ìwé wọn. Má torí ìfẹ́ èdè to fáìlì ní ọ̀nà tí kò bá ìwé orúkọ mu. Inú ìwé ìrìbọmi tí akọ̀wé ìjọ ń fi ọwọ́ kọ ní Yorùbá ni kí o ti lo 25 náà pé pérépéré. Níbẹ̀, Ẹ yóò tẹ̀lé E, GB yóò tẹ̀lé G, Ṣ yóò sì tẹ̀lé S.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í rántí. Orúkọ máa ń yí padà ní ilẹ̀ wa. Obìnrin ń gba orúkọ ọkọ. Ìdílé tó gba ìgbàgbọ́ ń sọ Ifágbèmí di Olúgbèmí, ọmọ Ògún ń di ọmọ Jésù, pàápàá ní àgbègbè tí ìsọjí ti ráyè bí tiwa. Fi ìwé kékeré kan sábẹ́ orúkọ àtijọ́ tí yóò sọ pé "wo Olúgbèmí". Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí àtijọ́ ni ẹni tó bá mú un dání yóò fi béèrè, èyí tó ń jẹ́ báyìí kọ́.

3. Má jẹ́ kí etí pọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ ìwé lọ. Gígùn ìwé A4 jẹ́ mìlímítà 297. Bí o bá pín in sí mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 30. Bí o bá pín in sí ogún, kò tó 15, kò sì sí orúkọ tí yóò wọ ibẹ̀ tí ojú àgbà yóò lè kà. Tò wọ́n láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kí ọ̀kan má bo èkejì. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: James Newton Gunn gba ìwé-àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1897 lórí káàdì tó ní etí. Bí ìwé bá pọ̀ ju etí mẹ́wàá lọ, pín fáìlì, má pín etí. Lọ wo National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike ló yẹ ìwé ìjọba káàkiri wò láti 1951, tí wọ́n fi dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ní 1954. Ọ́fíìsì tí ìwé ti wá ni wọ́n fi kó wọn jọ, "Oyo Prof", ìyẹn ti ẹkùn Ọ̀yọ́, lọ́tọ̀, "Oshun Div", ìyẹn ti ẹ̀ka Ọ̀ṣun, lọ́tọ̀, kí nọ́ńbà tó wá tẹ̀lé e. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láyé òyìnbó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yà sí, kì í tú gbogbo ilé.

4. Kọ ọ́ sí ojú méjèèjì, kí lẹ́tà tóbi. Fáìlì kì í fìgbà gbogbo dojú kọ ẹni tó ṣí i. Yínkì dúdú lórí ìwé funfun tàbí ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí o lò. Fi bírò olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀, oòrùn ojú fèrèsé ń pa á rẹ́. Bí o kò bá ní yínkì tó dára, pẹ́ńsù sàn jù ú lọ, nítorí pé pẹ́ńsù kì í ṣá.

5. Gọ́ọ̀mù ni kí o bẹ̀rù jù. Àwọn ọmọ ń rò pé èyí tó lẹ̀ jù ló dára jù. Irọ́ ni. Ní 1968, Spencer Silver ní ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà ń wá gọ́ọ̀mù líle, èyí tó rí wá jẹ́ aláìlera: ó ń lẹ̀, ó tún ń ṣí. Kò rí ohun tí yóò fi ṣe. Ní 1974, Art Fry tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ rí i pé ìwé tó ń fi sàmì sí ìwé orin ń jábọ́, ó sì rántí gọ́ọ̀mù yẹn. Nígbà tó fi di 1980, wọ́n ti ń tà á káàkiri Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ Post-it. Ìjọ ló kún ìlú wa. O mọ iye ìwé orin tó wà níbí.

Nítorí náà, irú gọ́ọ̀mù méjì ni kí o ní nílé. Èyí tó ń ṣí, fún ìwé tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí kì í ṣí, fún kádíbọ́ọ̀dù tó pín fáìlì sí ọ̀nà. Má fi sẹ́lótéèpù ṣe etí láéláé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ike rẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, á bọ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì wọnú ìwé lọ, á fi àbàwọ́n tó ṣòro láti yọ síbẹ̀. Bí o bá ń ra sítíkà ńlá, béèrè èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ acrylic, ìyẹn ń pẹ́ ju oníróbà lọ. Ẹ̀kọ tí a fi ń lẹ ìwé láyé àtijọ́ ńkọ́? Ó dára lójú, àmọ́ aáyán fẹ́ràn rẹ̀, eku náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa náà yóò dán ọ wò. Ní oṣù òjò, ìwé ń mu omi nínú afẹ́fẹ́, igun etí á máa gbéra. Nínú ọyẹ́, ìwé kan náà á gbẹ, á ká kò. Gé igun rẹ̀ ní róbótó, kí ó má lè fi ibi ṣóńṣó kọ́ aṣọ tàbí ìwé tó wà lókè rẹ̀. Jẹ́ kí ibi tó lẹ̀ mọ́ ìwé gùn tó ìlọ́po méjì ibi tó yọ síta. Èyí tó yọ síta kò sì gbọdọ̀ ju mìlímítà 12 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpò fáìlì á tẹ̀ ẹ́.

6. Má lẹ nǹkan kan mọ́ ojúlówó ìwé. Ìwé-ẹ̀rí WAEC, C of O, ìwé ìgbéyàwó, fi wọ́n sínú ike, kí o lẹ etí mọ́ ike náà. Ẹni tó bá ya igun ìwé-ẹ̀rí olóhun yóò ṣàlàyé títí, kò ní rí àlàyé. Bí ẹlòmíì bá ti lẹ̀ ẹ́ kí o tó dé, má fà á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n. Má sì gbà kí wọ́n tan ọ́ ra ike rírọ̀ tó ń rùn bí bàtà tuntun, torí pé yínkì fọ́tòkọ́pì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Rìsíìtì POS, ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, yóò ṣá. Bí o bá gbé e sínú ẹ̀rọ láminéètì, yóò dúdú pátápátá.

7. Àwọ̀ kì í dá iṣẹ́ ṣe. Fi àwọ̀ ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, má fi rọ́pò ọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, wọn kì í sì í sọ. Fọ́tòkọ́pì náà kò mọ̀ ọ́n.

8. Fi etí òfìfo mẹ́ta-mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́yìn, kí o sì kọ àtòjọ gbogbo etí sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú déètì. Ìwé ń bímọ. Bí kò bá sí àyè fún ọmọ tuntun, akọ̀wé yóò já ohun tó bá rí, yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i, yóò sì fi pín-ìnnì há a mọ́ ọn.

9. Kí o tó gba owó, jẹ́ kí àjèjì dán an wò. Pe ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí o ń tò ó, messenger ọ́fíìsì tàbí ọmọ oníbàárà. Sọ fún un pé kí ó mú ìwé kan wá, kí o sì pa ẹnu mọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ lọ tí kò rí i, ibẹ̀ ni kí o lẹ etí mìíràn sí. Má jiyàn pé òun ló yẹ kó mọ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wá ohun kan sí ibi kan náà, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

10. Ti owó rẹ ló kù. Ọ́fíìsì á ní kí o gbé e wá, àwọn á san nígbà tí owó bá jáde. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ́, ìwọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ta àwìn. Àwọn òṣómàáló gbé aṣọ rìn dé ìlú tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n tà á ní àwìn, wọ́n sì padà lọ lọ́jọ́ àdéhùn láti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni ọjọ́ àdéhùn. Fáìlì onígbèsè kì í ṣe fáìlì tí a ń fi orúkọ tò, nítorí pé ní òwúrọ̀ ìbéèrè rẹ kì í ṣe "Níbo ni ìwé lágbájá wà?" "Ta ló yẹ kó san lónìí?" ni. Ṣe etí 31 fún ọjọ́ inú oṣù, kí o ṣe 12 fún oṣù. 43 ni gbogbo rẹ̀, gbogbo wọn lórí káàdì nínú páálí kan. Ìwé gbèsè tí wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ kẹrìndínlógún, sábẹ́ 16 ni yóò wọ̀. Èyí tó di oṣù mìíràn, abẹ́ oṣù náà ni. Bí oṣù náà bá wọlé, tú u sí àwọn ọjọ́. Ní àárọ̀, ṣí etí ọjọ́ òní kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹni náà kò bá san, má fa ìwé ya, má sì bá a jà. Sún un sí ọjọ́ tó tún dá, kí o fi pẹ́ńsù kọ iye ìgbà tó ti sún sí igun rẹ̀, kí ẹni náà fúnra rẹ̀ máa rí i bí o ṣe ń kọ ọ́.